Ta Ni Yóò San Án? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn Lórí Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Ń Kọ́ Mọ́tò

Sí Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta;
sí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ìjẹ̀bú Àríwá Kìíní, Ìjẹ̀bú Àríwá Kejì àti Ògùn Waterside;
àti sí gbogbo ọmọ Ilé.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo mọ̀ pé ohun tó wà níwájú yín pọ̀: ọ̀rọ̀ ìṣúná, ọ̀nà tó bàjẹ́, omi, owó oṣù òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀ràn kan wà tó ti ń pa àwọn ènìyàn wa lára tipẹ́, tí a sì ń fi ẹ̀bẹ̀ àti omijé yanjú nígbà tó jẹ́ pé òfin ló yẹ kó yanjú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí ẹ̀yin lè kà á, kí àwọn tó rán yín níṣẹ́ náà sì lè kà á.

Ìbéèrè mi kò gùn. Bí ẹni tó ń kọ́ mọ́tò bá gbá ènìyàn, tó wó ìsọ̀ onísọ̀, tàbí tó fi ọkọ̀ rọ́ lu ògiri ilé onílé, ta ni kó san án? Ṣé ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ni, tàbí ẹni tó jókòó tì í tó ń kọ́ ọ, tàbí ẹni tó ni ọkọ̀? Ẹ bi lọ́ọ̀yà, yóò dá yín lóhùn pé ó dá lórí bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí. Ẹ bi ọlọ́pàá, yóò ní kí àwọn ẹbí méjèèjì lọ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ẹ wá bi ẹni tí ọkọ̀ gbá, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Òun nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ dájú, nítorí òun ló ń san án.

Ẹni tó bá mọ àgbègbè wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òkè-Sopin dé Jápàrá, iṣẹ́ mọ́tò jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ ń bá ọ̀gá ṣe. Mọ́tò-bọ́ì tó ń bá ọkọ̀ gẹdú tàbí ọkọ̀ èrò rìn lónìí ló ń di awakọ̀ lọ́la, ojú títì tí gbogbo wa ń rìn ló sì ti ń kọ́ ọ. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ti wà láti ọdún 1982, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, ojú pópó a máa kún fún ọ̀dọ́ nígbàkígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ọkọ̀ wíwà sì ń wu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Ògùn Waterside ńkọ́, láti Ìbíadé dé Abígí, títí dé Ìwopin létí ọ̀sà? Ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ ará oko níbẹ̀, ọ̀kadà sì ni ohun ìrìnnà tí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láàárọ̀ kó sì ti máa gbé èrò lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kí àwọn ènìyàn má kọ́. Ìlú tí kò bá ní awakọ̀ tuntun, irè oko rẹ̀ yóò jẹrà sóko. Ohun tí mò ń bèèrè ni ẹni tó yẹ kó ru ewu tó wà nínú kíkọ́ náà.

A kò lè ní kò sí ìlànà rárá. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012, béèrè pé kí ẹni tó ń kọ́ gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì jókòó tì í, kí àmì L sì hàn níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè gba láísẹ́ǹsì. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní àṣẹ láti bu owó ìtanràn 10,000 náírà lé ẹni tó ń wa ọkọ̀ láìní láísẹ́ǹsì, àti 50,000 lé ẹni tó ń wa ìwàkuwà. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ wo ibi tí owó yìí ń lọ. Àpò ìjọba ló ń wọ̀. Ìyá oníyán tí ọkọ̀ wó ìsọ̀ rẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ọmọ iléèwé tí ọ̀kadà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìjọba fìyà jẹ ẹni tó ṣẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tu ẹni tí a ṣẹ̀ nínú.

Òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà, apá yìí sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1971, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ń kà títí di òní, ìyẹn ẹjọ́ Nettleship àti Weston. Obìnrin kan ń kọ́ mọ́tò, ọ̀rẹ́ ẹbí rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ kẹta ni wọ́n wà tí ọkọ̀ fi gun etí títì, tó sì lọ kọlu òpó iná. Orúnkún ẹni tó ń kọ́ ọ fọ́. Obìnrin náà sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun, pé ìwọ̀n ọgbọ́n tí a lè retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lòun lò. Adájọ́ àgbà Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìwọ̀n kan náà tí a ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tó mọṣẹ́ ni a óò béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wá pín ẹ̀bi náà sí méjì ọgbọọgba láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, torí pé àwọn méjèèjì ni ọkọ̀ náà wà níkàáwọ́ wọn.

Kò pọn dandan fún adájọ́ wa láti tẹ̀lé ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ kan náà ni òfin ẹ̀bi tiwa jókòó lé, ìdí tó wà nínú ìdájọ́ náà sì bá ọgbọ́n mu. Ẹni tó ń kọjá lójú pópó kò mọ ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀. Kò bá a ṣe àdéhùn, kò sì gbà á láyè pé kó fi òun kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tó gbá a kò fi ti pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dín agbára kù. Bí a bá ní kí a dín ẹ̀tọ́ ẹni tó fara pa kù nítorí pé ẹni tó gbá a kò tíì mọ ọkọ̀ wà, a jẹ́ pé a ti sọ àìmọ̀kan di ààbò fún ẹni tó ní in, a sì ti sọ ọ́ di ìyà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nígbà náà, kí ló kù? Ohun tó kù ló burú jù. Ìdájọ́ 1971 sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ní? Kí la lè rí gbà lọ́wọ́ mọ́tò-bọ́ì tó ń sùn nínú ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀? Kí ni ọmọ yunifásítì tó ń dúró de owó oúnjẹ láti ilé ní? Ẹni tó bá gba ìdájọ́ lórí irú wọn, ìwé lásán ló gbà. Kò sí báílífù tó lè rí ohun gbé níbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹni tó ní ohun tí a lè gbà ni ẹni tó ni ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin ti fọwọ́ sílẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wà báyìí, kì í ṣe torí pé ọkọ̀ jẹ́ tìrẹ nìkan ni wàá fi san owó ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ fi hàn pé òṣìṣẹ́ rẹ ni awakọ̀ náà tàbí pé iṣẹ́ tìrẹ lo rán an. Èyí náà ní ìtàn. Ní England kan náà, láyé adájọ́ Denning kan náà, ọkọ obìnrin kan gbé ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ síbi ọtí. Nígbà tó rí i pé ọtí ti ń pa òun, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun wa ọkọ̀. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àwọn èrò inú ọkọ̀ fara pa, wọ́n sì pe obìnrin tó ni ọkọ̀ lẹ́jọ́. Denning dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọn, tó wà nínú Ilé Aṣòfin Àgbà nígbà náà, dojú ìdájọ́ yẹn dé. Wọ́n ní obìnrin náà kò jẹ̀bi, wọ́n sì sọ ohun kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló mú mi kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní bí ìlú bá fẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ru ẹrù yìí, kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti gbé e lé e lórí, iṣẹ́ aṣòfin ni. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ọdún tó ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn lé ní àádọ́ta. Àwọn adájọ́ ti ju bọ́ọ̀lù náà sọ́dọ̀ yín.

Ẹ wo ohun tí àlàfo yìí ń dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹnìkan tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Èkó ra ọ̀kadà mẹ́rin, ó fi wọ́n fún àwọn ọmọkùnrin ní Abígí kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò gun ọ̀kadà rí, orí iṣẹ́ náà ló ti ń kọ́ ọ. Ó gbá àgbàlagbà kan létí ọjà. Wọ́n pe ẹni tó ni ọ̀kadà, ó ní òun kò rán an níṣẹ́, pé ó ti ra ọ̀kadà náà lọ́wọ́ òun, owó ló kù tó ń san. Ọmọkùnrin náà ní ọ̀kadà kò tíì di tòun. Àwọn méjèèjì lè má purọ́. Ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí lè gbè wọ́n méjèèjì. Àgbàlagbà yẹn wà láàárín wọn, ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń di eegun. Irú àpẹẹrẹ yìí kò ṣòro láti rò, nítorí báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe òwò náà.

Ọ̀rọ̀ ìbánigbófò ni àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, èsì gidi sì ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, láti 1945, tí òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe rìn láìní ínṣọ́ránsì tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn, èyí tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ sí Tọ́ọ̀dù Pátì. Òfin ìbánigbófò tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 kò yí ìyẹn padà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìbánigbófò, ti sọ iye rẹ̀ di 15,000 náírà lọ́dún fún ọkọ̀ àdáni, láti 5,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì gbé owó tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lè san fún dúkìá tó bàjẹ́ lọ sí mílíọ̀nù 3 náírà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Mo yin ìgbésẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá béèrè ìwé, kò béèrè ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ a máa ní gbólóhùn kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà: pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tó fún un láṣẹ láti wà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba ìwé àṣẹ, tí àmì L kò sí lára ọkọ̀ tó ń wà, ti fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ní ohun tí yóò fi jà. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ borí níkẹyìn, ìjà náà yóò gba ọdún. A jẹ́ pé ọjọ́ tí ínṣọ́ránsì wúlò jù lọ, ìyẹn ọjọ́ tí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà gbé e jáde, ni ó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀. Èyí kò fara jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ 1971. Olùkọ́ inú ẹjọ́ yẹn kò gbà láti kọ́ obìnrin náà títí tí wọ́n fi fi ìwé ìbánigbófò hàn án, tó sì rí i pé ó kan òun náà tí òun jókòó nínú ọkọ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń kọ́ ènìyàn ní mọ́tò láàárín Orù àti Àgọ́-Ìwòyè ló ń béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ̀bi kò gbọ́dọ̀ mọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹni mẹ́ta ló jọ fi ọkọ̀ náà sójú títì: ẹni tó ni ín tó fi sílẹ̀, ẹni tó ń kọ́ni, àti ẹni tó ń kọ́. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé bí ẹran bá jẹ oko olóko, a kì í bi ẹran léèrè, ẹni tó ni ẹran ni a ń mú. Ní Jámánì, òfin ìrìnnà wọn tilẹ̀ lọ jìnnà jùyẹn lọ. Ó sọ ní kedere pé ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, olùkọ́ ni awakọ̀ lójú òfin, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ìtọ́kọ̀ ì báà wà. Ìyẹn máa ń jẹ́ kí olùkọ́ fi ẹsẹ̀ sítòsí bíréèkì tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń kọ́ni lè jókòó tì í kó máa fi fóònù sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, á bọ́ sílẹ̀ á máa bú ọmọ tó ń kọ́ pé, “Ṣé mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo ti gbọ́ àtakò sí ìmọ̀ràn yìí, n kò sì fẹ́ fojú kéré wọn. Àkọ́kọ́ ni pé yóò pa inúure. Wọ́n ní bí ẹ bá sọ pé ẹni tó ya àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ ni yóò san owó ohun tó bàjẹ́, kò sí ẹ̀gbọ́n tí yóò kọ́ àbúrò ní mọ́tò mọ́, ọmọ tálákà kò sì ní rí iṣẹ́ awakọ̀ kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí torí ẹni tó ń sọ ọ́ ń ro ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n tálákà ni ẹni tí ọkọ̀ ń gbá pẹ̀lú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti oko dé ọjà, ẹni tó pàtẹ létí títì, ọmọ tó ń lọ síléèwé lówùúrọ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọn kò ní ọkọ̀ tí yóò bò wọ́n. Inúure tí ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún àbúrò rẹ̀, ẹlòmíràn ló ná owó rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ṣoore, kó fi 15,000 náírà kún un, kí ó gba ìwé àṣẹ fún àbúrò rẹ̀, kí ó lẹ àmì L mọ́ ọkọ̀. Owó yẹn kò tó owó ọjọ́ díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń to eegun.

Àtakò kejì ni èyí tí a ń gbọ́ jù lọ nílẹ̀ wa: pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ọjọ́ tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà yóò wá, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò sọ pé kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí a fi í sílẹ̀ fún Olúwa. N kò bá Ọlọ́run jà. Ẹ̀bẹ̀ ní àyè tirẹ̀ láàárín wa, bí kò bá sí ẹ̀bẹ̀, ìlú kò ní gbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ṣé Ọlọ́run ló fi ìtọ́kọ̀ lé ọmọ ọdún 15 lọ́wọ́? Ṣé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má lẹ àmì L? Ohun tí ènìyàn lè dá dúró tí kò dá dúró, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tó lówó tó sì ní ènìyàn kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún Olúwa, lọ́ọ̀yà ló ń pè. Tálákà nìkan ni a ń bẹ̀ pé kó gbàgbé. Bí òfin bá hàn kedere, ẹ̀bẹ̀ yóò ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bẹ̀ yóò mọ ohun tó tọ́ sí i kó tó dáríjì.

Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo awakọ̀ àtijọ́ ṣe kọ́ṣẹ́, pé ìdí ọkọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n wà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà yẹn, ọ̀nà kò kún báyìí, ọ̀kadà kò sì tíì gba ìgboro. Ọ̀gá ìgbà náà tún mọ̀ pé bí mọ́tò-bọ́ì òun bá ba nǹkan jẹ́, òun ni wọn yóò wá bá nílé. Òfin tí mò ń béèrè kò ju pé kí ohun tí ọ̀gá mọ̀ nígbà náà padà wá, kí ó sì wà lákọsílẹ̀.

Ó ku àtakò àwọn amòfin, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ dìde nínú Ilé: pé ọ̀rọ̀ ìrìnnà wà lọ́wọ́ Àbújá. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin ọdún 1999. Nínú àkójọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ìbánigbófò wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà 33, ìrìnnà lórí títì ìjọba àpapọ̀ sì wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà 63. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àti owó gbà-má-bínú láàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì kò sí nínú àkójọ náà. Abala kẹrin ìwé òfin kan náà sì fi ohun tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Ní òpin àwọn ọdún 1950 ni Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú ẹ̀bi báyìí, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ Ògùn tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976 jogún àṣẹ yẹn. Àṣẹ wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó fi ìlà tó gbà á lọ́wọ́ yín hàn yín.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èkíní, èyí tó jẹ́ olórí gbogbo wọn: kí ẹ ṣe òfin pé ní ìgbàkígbà tí ẹni tí kò tíì ní láísẹ́ǹsì kíkún bá fi ọkọ̀, ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe ẹlòmíràn lọ́ṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń kọ́ ọ, àti ẹni tó ni ọkọ̀ tó fi í sílẹ̀ fún kíkọ́ tàbí tó mọ̀ tí kò dá a dúró, ni yóò jọ dáhùn. Kí ẹni tó fara pa lè gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn, kí àwọn mẹ́ta wá lọ pín ẹ̀bi láàárín ara wọn. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá sọ pé wọ́n jí ọkọ̀ òun ni, kí ó jẹ́ òun ni yóò mú ẹ̀rí wá, kí ẹ má ṣe gbé ẹrù ẹ̀rí náà lé ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí òfin náà sì wí pé àdéhùn ìsanwó-díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀kadà kò lè yọ ẹni tó ṣì di ìwé ọ̀kadà mú kúrò nínú rẹ̀.

Èkejì, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ tàbí olùkọ́ kankan tó ń gbowó ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yìí láìfi ìwé ìbánigbófò tó dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ hàn, kí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ni sì ní bíréèkì lọ́dọ̀ olùkọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ti ní ibi tí a ti lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ ìwé wò lórí fóònù, nítorí náà ayédèrú ìwé kò yẹ kó jẹ́ àwáwí.

Èyí tó tẹ̀ lé e kan Ògùn Waterside gan-an, mo sì bẹ aṣòfin tó ń ṣojú wọn kó gbé e sọ́kàn. A kò lè fi òfin há ènìyàn mọ́ ibi tí a kò la ọ̀nà sí. Ará Màkún-Omi tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ẹ̀tọ́, iye tí yóò fi wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀ lè ju owó ìwé náà lọ. Kí àwọn VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa lọ sí Abígí àti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ tí wọ́n bá yàn lóṣooṣù, kí wọ́n máa yẹ àwọn tó ń kọ́ ọ̀kadà wò níbẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Àríwá àti ti Ògùn Waterside náà ya pápá kan sọ́tọ̀ níbi tí ẹni tó ń kọ́ yóò ti mọ bíréèkì yàtọ̀ sí iná kó tó bọ́ sáàárín èrò. Owó tí pápá bẹ́ẹ̀ yóò ná wọn kò tó nǹkan.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo ti bọ̀wọ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì ní ṣíwọ́ bíbọ̀wọ̀ fún yín. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò. Láti àkókò yìí lọ, ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀ pé àlàfo yìí wà. Bí ẹni tí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbá ní Òkè-Àgbò tàbí ní Ìbíadé bá pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí, tí kò sì rí ẹni san owó ìtọ́jú rẹ̀, ìdákẹ́ Ilé yóò wà lára ohun tó ṣe é. Ọdún ìdìbò 2027 kò jìnnà. Nígbà tí ẹ bá padà wá bẹ̀ wá pé kí a tún rán yín níṣẹ́, àwọn ará Ìjẹ̀bú Àríwá àti Ògùn Waterside yóò bi yín ohun tí ẹ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò sì dì í mọ́ ìbò wọn. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ fún ọmọ wọn náà, kí wọ́n má ṣe rò pé kò kan àwọn. Ọjọ́ tí adájọ́ kan bá pinnu láti tẹ̀lé ọgbọ́n Denning kí ẹ̀yin tó ṣòfin, ilé àti ilẹ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Mo rọ àwọn aṣòfin mẹ́ta tó ń ṣojú wa kí wọ́n jọ gbé àbádòfin yìí wá síwájú Ilé kí ìjókòó ọdún yìí tó parí, kí wọ́n sì pe ìpàdé gbogbo ènìyàn lé e lórí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní Abígí, kí awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò àti ẹni tí ọkọ̀ ti gbá rí lè wá sọ tẹnu wọn.

Èmi ni tiyín nínú ìfẹ́ ìlú,

Ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú Àríwá.